Àwọn Oyin Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀ Ní Aṣálẹ̀

Ọ̀sán Sátidé kan ni ìpè náà wọlé, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Mo ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. N kò mọ nọ́ńbà náà, àmọ́ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń gbé gbogbo ìpè, torí n kò mọ èyí tó lè jẹ́ ti ẹni tó ní nǹkan sọ fún mi nípa rẹ̀. Ohùn ìyá àgbà kan ni mo gbọ́. Òyìnbó ẹnu wọn dún bíi ti àwọn ará Mẹ́síkò. Wọ́n béèrè bóyá èmi ni ìyàwó ọkùnrin tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wọn ní apá ìwọ̀ oòrùn Texas. Mo ní èmi ni. Wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní ó pẹ́ kí àwọn tó rí ẹni tó fún àwọn ní nọ́ńbà mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní:

"Àwọn oyin ọkọ rẹ ti pọ̀ ju àpótí wọn lọ. Wọ́n ti ń múra àtilọ. Mo ní kí n sọ fún ọ kí wọ́n tó lọ."

Mo ní, "Oyin wo, mà?"

Màmá náà ní, "Kò sọ fún ọ?"

Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò pọ̀. A jọ wá kàwé ní Houston níbí ni, ọmọ kíláàsì kan náà ni wá, a sì ti ń pe ara wa ní "ìwọ" kí a tó mọ̀ pé a máa fẹ́ra. Òun ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, èmi ka nọ́ọ̀sì. Nígbà tó ṣe, iṣẹ́ páìpù epo gbé e lọ sí aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún. Á lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, á lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé wa ní Missouri City lẹ́bàá Houston. Bí ayé wa ti rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá ń bọ̀, ó máa ń gbé oyin wálé nínú ìgò ẹ̀pà lílọ̀ tí a ti jẹ tán, oyin dúdú tó ki, tó ní òórùn bí igi tí wọ́n sun. Mo bi í nígbà kan pé níbo ló ti ń rí i. Ó ní, "Níbi iṣẹ́." Mo rò pé ó ń rà á lẹ́bàá ọ̀nà ni. A máa ń fi í mu tíì nínú oṣù ààwẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó padà síbi iṣẹ́ ló kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ní kíṣìnì wa, pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ṣe opó mi parí. Àwọn èèyàn mọ́sálásí wá, wọ́n wá títí, wọ́n gbé oúnjẹ wá débi pé fíríìjì ò gbà á mọ́, lẹ́yìn náà kálukú padà sí ilé rẹ̀, bó ti yẹ. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ilé tí èèyàn ti ń dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù máa ń yàtọ̀ tó bá di pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní òpin. Èyí kò ní.

Mo sọ fún ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Katy pé mo fẹ́ lọ wo àwọn oyin bàbá rẹ̀. Ọmọ náà jẹ́ ẹni tó máa ń ṣètò gbogbo nǹkan.

"Mummy, ẹ má lọ. Let me find somebody. Àwọn kan wà tó máa ń remove bees."

"Wọ́n ń kó wọn ni àbí wọ́n ń pa wọ́n?"

Ó ní, "It's so far. Ẹ̀yin nìkan lórí freeway?"

"Ṣé òun nìkan kọ́ ló máa ń lọ ni?"

"Daddy ti mọ́ ọn lára."

Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ náà nìyẹn, pé ó ti mọ́ ọn lára, èmi ò sì tíì rí ọ̀nà náà rí.

Mo kí ìrun àsùbáà, mo gbọ́nà. Houston kì í tán bọ̀rọ̀. Èèyàn á ti wakọ̀ títí, á ti kọjá Katy, síbẹ̀ ilé tuntun á ṣì máa yọ níwájú, òrùlé kan náà, ọgbà kan náà. Ó pẹ́ kí pápá tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn San Antonio, àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Wọ́n ń kúrú títí wọ́n fi dà bí igbó tí èèyàn lè wò kọjá lórí, lẹ́yìn náà wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ilẹ̀ funfun, òkúta, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún, ojú ọ̀run tó tẹ́jú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Rédíò kùn, ó dákẹ́. Mo dúró kí ìrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan, atẹ́gùn sì ń fa ìbòrí mi bí ẹni pé ó fẹ́ gbà á. Mo rò ó pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọkọ mi ń gba ibí yìí kọjá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tó bá sì délé, mo máa ń bi í pé báwo ni ọ̀nà, á ní ọ̀nà dáa.

Oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ilé onísìmẹ́ǹtì pẹlẹbẹ kan ni, ó dá dúró lẹ́yìn ìlú kékeré kan, pẹ̀lú yàrá kan tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá náà jáde. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi fìlà koríko dé irun funfun. Olùkọ́ ọmọ kéékèèké ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn sì ti kú tipẹ́. Mo la ẹnu láti kí wọn ní òyìnbó, wọ́n ṣáájú mi.

"Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí.

Mo dúró lẹ́bàá ọkọ̀ mi, ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ṣé mo pè é dáadáa? Ó kọ́ mi. Ó ní lọ́jọ́ tí ìyàwó òun bá wá, kí n mọ ohun tí mo máa sọ."

Mo ní wọ́n pè é dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, kì í ṣe pé mo rò ó, orúnkún mi ló ṣe é. Màmá náà di apá mi mú, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ á gé mi lẹ́sẹ̀.

Wọ́n ò tíì fọwọ́ kan yàrá ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn ń retí kí ẹnì kan wá. Ibùsùn kékeré, tábìlì, síńkì ìfọwọ́. Ẹní ìrun rẹ̀ wà ní kíká lórí àga, búta àlùwàlá rẹ̀ wà nídìí síńkì, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ dojú kọ ògiri. Pákò wà nínú ife. Aṣọ funfun kan rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ àwọn tó ń sin oyin, pẹ̀lú àwọ̀n tí wọ́n ń dà bo ojú. Mo jókòó lórí ibùsùn náà. Mo ti rò pé tí mo bá débẹ̀ màá sunkún, àmọ́ ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń wo bí yàrá náà ṣe mọ́ tó. Ní ilé wa, kì í ká nǹkan.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, màmá mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Àwọn àpótí oyin tò sábẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi páànù ṣe, wọ́n sì wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ọ̀dà ara wọn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Ọ̀dà kíṣìnì wa ni, aláwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo jà fún pé òun ni mo fẹ́. Ó ṣẹ́ kù nínú gáréèjì wa títí, lọ́jọ́ kan n kò rí i mọ́, mo sì rò pé ọkọ mi ti dà á nù.

Mo bi màmá pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní oyin ìgbẹ́ pọ̀ ní aṣálẹ̀ náà, àmọ́ ihò igi tó tóbi kò sí, nítorí náà ibi tó bá ní òkùnkùn àti ìtutù ni wọ́n ń wọ̀ sí, inú ògiri, inú táyà, inú àpótí mítà omi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú ilé. Tí ará ìlú bá rí wọn, oògùn ni wọ́n ń fín sí wọn. Àwọn àti ọkọ àwọn ló máa ń lọ kó oyin náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, èjìká màmá ò jẹ́ kí ọwọ́ wọn gòkè mọ́, wọ́n sì ti fẹ́ pa á tì.

"Ọkọ rẹ rí mi ní ọjọ́ kan tí mo ń gbìyànjú láti gbé ìdérí mítà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé e fún mi. Oyin ta á lójú, ojú rẹ̀ wú, ó tún padà wá ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n kọ́ òun."

"Kò bẹ̀rù?"

"Ó bẹ̀rù gan-an. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀rù."

Mo béèrè ohun tó máa ń sọ. Màmá ní àwọn ò mọ̀, èdè wa ni, àwọn rò pé àdúrà ni. Wọ́n gbìyànjú láti pè é. Ó dà bí "erora, erora" lẹ́nu wọn.

Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan kó tó yé mi. Ẹ rọra ni. Ọkùnrin tí kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí láyé wa ń fi "ẹ" bá kòkòrò sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yà mí lẹ́nu, ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ti jìnnà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ti mú díẹ̀, màmá kan fèrèsé mi. Wọ́n ní, "Wọ́n ti ń jáde."

Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá pàjáwìrì rí, n kò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Bí oyin bá pọ̀ jù nínú àpótí, ìyá wọn àtijọ́ á kó bí ìdajì wọn jáde, á fi ilé sílẹ̀ fún ìyá tuntun. Wọ́n bo ojú ọ̀run lẹ́yìn ilé. Wọ́n ń yí, wọ́n ń yí, bí èéfín tó ní ohùn, lẹ́yìn náà wọ́n lọ bà sára igi ẹlẹ́gùn-ún kan létí odò gbígbẹ. Wọ́n so rọ̀ lórí ẹ̀ka, oyin lórí oyin, ó gùn tó apá mi, ó ń mì jẹ́jẹ́.

Màmá ní, "Wọ́n ti rán àwọn kan lọ wá ilé. Tí wọ́n bá rí i kí a tó kó wọn, ó tán."

"Ta ló máa kó wọn?"

Wọ́n wò mí. Mo wọ inú yàrá, mo gbé aṣọ funfun náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó tóbi fún mi. Mo ká apá rẹ̀, mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà. Òórùn èéfín wà nínú rẹ̀, lábẹ́ èéfín náà sì ni òórùn ọkọ mi wà, ní ọrùn aṣọ. Mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó jáde. Ní ilé, mo ti fọ gbogbo aṣọ rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kò yẹ kí n fọ̀ wọ́n.

A gbé àpótí òfìfo sábẹ́ igi náà, a tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun sí iwájú rẹ̀. Màmá dúró sẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú agolo èéfín, wọ́n ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gun àkàbà kékeré. Nígbà tí mo súnmọ́ wọn, mo rí i pé wọn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Wọ́n di ara wọn mú ni, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀.

"Di ẹ̀ka náà mú ṣinṣin," ni màmá wí. "Gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kó le. Tí o bá gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, inú wọn á bàjẹ́, wọn ò sì ní jábọ́."

Mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ pé ẹ rọra, ẹ rọra. N kò mọ ẹni tí mo ń sọ fún. Mo gbọ̀n ẹ̀ka náà.

Wọ́n já sínú àpótí, wọ́n wúwo bí ìrẹsì tí wọ́n da sínú garawa. Àwọn tó kù fò sókè, wọ́n bo àwọ̀n ojú mi débi tí n kò ríran. Ọ̀kan wọlé níbi ọrùn ọwọ́, ó ta mí. Ó dùn mí wọra. N kò sọ̀kalẹ̀. Màmá ní kí n dúró, kí n má mira, mo dúró títí ariwo náà fi rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Àwọn tó wọnú àpótí jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ìyẹ́. Màmá ní wọ́n ń ránṣẹ́ pe àwọn tó kù ni, wọ́n ń fi òórùn sọ fún wọn pé ìyá wà níbí. Àwọn tó wà lórí aṣọ tí a tẹ́ yíjú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn wọlé, bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, láìti ara wọn, láìsí ariwo. A jókòó lórí òkúta, a ń wò wọ́n títí wọ́n fi wọlé tán.

Màmá fi ṣúgà pa ojú oró náà fún mi. Wọ́n ní, "Ó máa ń jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn."

Mo fẹ́ bi wọ́n pé kí ló máa ń sọ tó bá jókòó síbẹ̀. N kò béèrè. Mo mọ̀ pé kì í sọ nǹkan kan.

Ìrẹsì ni wọ́n sè lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n rọ ata sí i. Wọ́n ní bí ọkọ mi ṣe máa ń se é nìyẹn, àwọn ti kọ́ láti jẹ ẹ́ báyẹn. Ata náà pọ̀ jù fún èmi alára. A jẹ ẹ́, omi ń dà lójú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé ata ni àbí kì í ṣe ata.

N kò gbé àwọn oyin náà wá sí Houston. Màmá ní oyin aṣálẹ̀ ń tètè bínú ju ti ìlú lọ, kí n má gbé wọn lọ sáàárín àwọn aládùúgbò. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo ní màá máa wá. Mo gbé aṣọ funfun náà, búta, àti ẹní ìrun. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pe màmá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n á sọ fún mi bí oyin mi ṣe ń ṣe. "Oyin rẹ," ni wọ́n ń pè é. Mo máa ń dúró de ìpè yẹn láti Ọjọ́rú.

Ọ̀gbẹlẹ̀ wọlé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ó le ju bó ti yẹ lọ, kódà fún ibẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, òdòdó kankan ò sí nínú ìgbẹ́. Mo ṣí àpótí tí mo kó wọn sí fúnra mi. Kò sí oyin kankan nínú rẹ̀. Afárá oyin wà, ó funfun, wọ́n ti lá gbogbo oyin inú rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó lọ. Kò sí òkú ọ̀kankan nílẹ̀.

Mo ní, "Kí ni mo ṣe?"

Màmá ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Ebi ni. Wọn kì í ṣe ewúrẹ́. Wọ́n lọ wá ibi tí omi wà."

Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ fún mi pé ọmọ wọn ọkùnrin fẹ́ kí ìyá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Arizona kí òtútù tó dé. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ nípa ojú ọjọ́. Wọ́n ti rí ọkùnrin kan ní ìlú tó kàn tó máa gba àwọn àpótí tó kù. Mo bá wọn fi bẹ́líìtì de àwọn àpótí náà pa pọ̀ kí ọkùnrin náà tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé. Àwọn àpótí aláwọ̀ ewé kíṣìnì wa lọ lẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí. Màmá dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ sọ nǹkan kan ní èdè wa, àmọ́ "ẹ káàbọ̀" nìkan ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n sọ. A ṣì ń pe ara wa. Ìpè náà ti ń kúrú, etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, ọmọ wọn ló máa ń di fóònù mú fún wọn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, oyin so sára òpó iná níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ní mọ́sálásí wa. Wọ́n ti kó àwọn ọmọdé sínú ilé, ọ̀kan nínú àwọn alhájì ti ń wá nọ́ńbà àwọn tó ń fín oògùn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró dè mí. Mo wakọ̀ lọ sílé, mo gbé aṣọ funfun náà àti àpótí tí mo ti rà tí n kò mọ ìdí tí mo fi rà á. Gbogbo wọn dúró sẹ́yìn gíláàsì, wọ́n ń wò mí. Èmi nìkan ni mo wà níta. Mo gun àkàbà, mo bá wọn sọ̀rọ̀, mo fi ọwọ́ gbá wọn sínú àpótí.

Àpótí náà wà lẹ́yìn ilé mi báyìí, lẹ́bàá igi ọsàn. Òjò Houston ń tẹ́ wọn lọ́rùn, òdòdó pọ̀ níbí. Ọmọ mi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró sí ọ̀nà jíjìn, ó ní, "Mummy, don't you get lonely, kí ẹ máa jókòó síbí lójoojúmọ́?"

Mo ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ó wá gbé àga kan, ó jókòó, kò súnmọ́, kò sì lọ. Nígbà tó yá ó ní ebi ń pa òun, a wọlé lọ gbé ọbẹ̀ kaná.